Ẹnu Mi Lẹ́nu Míìsì

Míṣọ́nnárì méjì ló wà nínú ọgbà ilé míṣọ̀n wa ní Ìbíní, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òyìnbó obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ni, kò lọ́kọ, ó sọdá òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ìjọ sì ń pè é ní Míìsì. Èmi ni ẹnì kejì. Ìyàwó Pásítọ̀ ni mí, Ìkìrun ni mo ti wá. Mo kọjá Ifẹ̀, mo kọjá Oǹdó, mo kọjá Ọ̀rẹ̀, èébì sì ń gbé mi lójú ọ̀nà, pẹ̀lú oyún nínú àti ẹrù àwo lórí itan. Nígbà tí Míìsì dé, wọ́n ní ó fi ilé àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìhìn rere. Nígbà tí èmi dé, wọ́n ní mo tẹ̀lé ọkọ mi.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹ̀rọ omi kan náà ni àwa méjèèjì ti ń pọnmi, èyí tó wà láàárín ọgbà, tí kì í yọ bí kò bá wù ú. Ẹ̀fọn tó jẹ òun ló jẹ èmi. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá Míìsì dùbúlẹ̀, ìjọ á gbààwẹ̀. Bí ó bá dá èmi dùbúlẹ̀, wọn á bi Pásítọ̀ pé ta ni yóò wá se oúnjẹ báyìí. Lọ́dún kan, àwọn àlejò wá láti inú ìjọ tó rán Míìsì níṣẹ́ láti ilẹ̀ wọn, wọ́n gbé kámẹ́rà dání. Wọ́n fẹ́ ya Míìsì níbi tó ti ru garawa omi, kí àwọn ará ilé lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Èmi náà ru garawa tèmi, mo dúró tì í, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin tó mú kámẹ́rà dání juwọ́ sí mi pé kí n sún díẹ̀. Mo sún díẹ̀. Ó tún juwọ́. Mo sún títí mo fi bá ara mi lẹ́yìn ilé ìdáná.

Mo jowú ìyà rẹ̀, mo sì jowú ayọ̀ rẹ̀. Míṣọ̀n ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Òkè Ikpoba, ibẹ̀ ni Míìsì ti ń gbẹ̀bí. Àràárọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ tó ń tú èéfín, yóò sọdá odò lọ, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà á padà dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin, àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ẹ̀bùn àwọn ìyá ọmọ. Bí a bá jọ ń lọ ní títì, obìnrin kan á ṣàdédé gbé ọmọ sí i lọ́wọ́ pé, "Na you born am." Èmi, olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹnikẹ́ni kò tíì so adìyẹ lẹ́sẹ̀ wá fún mi nítorí pé ọmọ rẹ̀ mọ ìsọdipúpọ̀.

Gbogbo ìyẹn ì bá ṣeé fara dà, bí kò bá jẹ́ ti ọmọ mi.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, owó epo rọ̀bì sì ti ń wọ ìlú. Yorùbá pọ̀ ní Ìbíní bí nǹkan míì: àwọn tó ń ta aṣọ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ lójú ọ̀nà Siluko, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn akọ̀wé ìjọba. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe rán ọkọ mi wá. Nínú ìjọ wa, Yorùbá la fi ń gbàdúrà, Yorùbá la sì fi ń jà ní ìpàdé àwọn àgbà. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Wọ́n gbọ́ Yorùbá bí ajá ṣe ń gbọ́ ọ. Wọn a gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn a na etí, wọn kò ní fọhùn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Láti inú oyún ni mo ti ń bá a sọ Yorùbá. Bí mo bá ní, "Wá jẹun," á ní, "I no hungry." Bí mo bá ní, "Ta ló da omi síbí?" á ní, "No be me." Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi àkàrà tàn án, mo fà á létí. Lọ́jọ́ kan mo pinnu pé mi ò ní dá a lóhùn mọ́ àfi tó bá sọ Yorùbá. Ó wò mí títí, ó yíjú, ó gba ẹnu ọ̀nà Míìsì lọ. Ọ̀hún ló ti jẹun alẹ́.

Míìsì ń kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn tó rán an ti fún un ní ìwé kan, ṣùgbọ́n ìwé náà ti pẹ́ láyé, ẹṣin ọba àti ìlẹ̀kùn ààfin ló kún inú rẹ̀, Míìsì kò sì rí ọba kankan lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó wá bá ọmọ mi ṣe àdéhùn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó lórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi kò sì ka ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sí. Mo rò pé eré ni.

Mo ń ṣa ìrẹsì nídìí fèrèsé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Rárá. Má pè é bẹ́ẹ̀. La ẹnu ẹ. Ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ́," ni Míìsì wí.

"Ṣé etí ẹ di ni? Ìyẹn, ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Èyí, wọ́n ń mu ún. Ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ."

"Ẹn-ẹ́n. Gba ẹ̀pà."

Mo gbé àtẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ohùn ọmọ mi ni. Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ gbuurugbu bí omi ẹ̀rọ tó ti ń dí láti àná, kò sì sí ibi tó ti kọsẹ̀. Mo jáde sí wọn, mo fi ẹ̀rín bojú, mo ní, "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọmọ mi gbójú sókè. "Mọ́mì," ó ní, "we dey busy."

Mo fẹjọ́ sun Pásítọ̀. Ìwàásù ló ń múra rẹ̀ sílẹ̀, kò tilẹ̀ gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Ìyá ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Ṣebí o fẹ́ kó sọ Yorùbá?"

"Mo fẹ́ kó sọ ọ́ sí èmi."

"Ó ń sọ ọ́ sí ọmọnìkejì. Iṣẹ́ Olúwa ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó Olúwa sí i. Ṣé Olúwa ló ní kó máa pè mí ní Mọ́mì, we dey busy?"

"O ń jowú," ó wí, ó sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Míìsì bá délẹ̀, láìbínú, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ìkìrun. Awakọ̀ kan ló jíṣẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó dúró ṣánṣán, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Ìyá Àgbà ti gbọ́ pé ọmọ àwọn tí wọ́n bí sí Ìbíní kò lè kí ènìyàn. Àwọn ń bọ̀ wá ṣe ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ náà bá lè jókòó ti àwọn kó bá àwọn sọ̀rọ̀, ó dáa. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á mú un lọ sílé lọ tún un tọ́. "Wọ́n ní kí ìyàwó àwọn ti máa ká aṣọ ọmọ náà sílẹ̀," awakọ̀ náà wí, ó sì béèrè omi tútù.

Ẹ má rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Wọ́n ti ṣe é rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé Kánò bí ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ ju Haúsá lọ. Ìyá Àgbà lọ mú un, wọ́n sì tọ́ ọ yanjú lóòótọ́. Ọmọ náà mọ oríkì, ó mọ ìdọ̀bálẹ̀, ó mọ iṣu gún. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, Àǹtí ló ń pe ìyá tó bí i. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí ojú obìnrin yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló sì ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti bá a sọ. N kò sọ ọ́. Mo kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í fi agídí kọ́ ọmọ náà fúnra mi, lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. "Sọ pé, Ẹ káàbọ̀, Mà." Ó ń wo rúlà. "Sọ ọ́." Ó ń wo rúlà. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Míìsì ti dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo: "Ẹ káàbọ̀, Mà." Ó rò pé òun ni mo ń kọ́. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ sì parí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ohun tí a kò fi ojú sí ṣẹlẹ̀. Pásítọ̀ ní Míìsì fẹ́ fi Yorùbá kí ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Míìsì bọ́ síwájú, ó pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀ bí ata, ó gbójú lé Bàbá Ìjọ tó jókòó níwájú. Àgbàlagbà ni bàbá náà, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó lójú ní gbogbo Siluko.

"Jókòó dáadáa," ni Míìsì wí.

Bàbá Ìjọ jókòó dáadáa.

"Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀. Gbé ojú ẹ síbí. Ọlọ́run ń rí ẹ. Gbogbo nǹkan tí ò ń ṣe ní kọ̀rọ̀, ó ń rí ẹ. Má rò pé kò rí ẹ. Ó fẹ́ràn ẹ, àmọ́ ó ń rí ẹ. Ṣé o gbọ́?"

Bàbá Ìjọ wo Pásítọ̀.

"Mo ní, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà," ni Bàbá Ìjọ wí.

"Ẹn-ẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ fọ ẹsẹ̀ ẹ, o ti ṣe dáadáa." Ó sì padà lọ jókòó.

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ará ọ̀nà dúró wò wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Míìsì ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgbúnwọ́ gún mi níhà. "Ìyá Ìjọ," ó ní, "ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?" Èmi ni lóòótọ́. Àní bí mo ṣe máa ń fa "ẹn-ẹ́n" gùn, bí mo ṣe máa ń gbọ́rí sápá kan kí n tó béèrè pé ṣé o gbọ́, Míìsì kó gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ ohunkóhun kù.

Níbo ni ọmọ tí kò tíì ju báyìí lọ ti fẹ́ rí Yorùbá mìíràn? Èyí tí mo ń sọ fún un láti òwúrọ̀ di alẹ́ ló kó pamọ́. Ó sì ti gbé gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó: ìkìlọ̀ mi, ìbáwí mi, àti ìwọ tí mo ń pè é.

Ẹ ò wá rò pé ìjọ á bínú? Ńṣe ni wọ́n tún fẹ́ràn obìnrin náà sí i. Bàbá Ìjọ ń nu ojú nígbà tí a jáde. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò tún sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ru odindi ìdì iṣu lọ fún Míìsì ní ọjọ́ kejì. Ẹnu mi ló sọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló jẹ iṣu.

Nígbà tí Àjíǹde kù díẹ̀, ibà gbé Míìsì ṣánlẹ̀. Pásítọ̀ wà ní ìpàdé àgbègbè, ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ wọn, nítorí náà èmi ló kàn láti gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ. Ọ̀sán gangan ni. N kò wọ yàrá Míìsì rí kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ní ihò púpọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ó ti fi òwú oríṣiríṣi dí wọn. Bàtà tó ti hu funfun nítorí ọ̀rinrin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán ìyá arúgbó kan wà lára ògiri. Ohun tí mo tún rí ni ọmọ mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí òyìnbó, ó sì ń kì í.

Oríkì wa ló ń kì. Oríkì tí mo ń kì í láràárọ̀ bí mo bá ń fi òróró pa á lára, tí yóò dúró gbọnyin bí igi, tí kò ní dá mi lóhùn. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Kò fo ìlà kankan. Ó ń kì í jẹ́jẹ́ fún obìnrin tí kò bá wa tan, ó ń pè é ní ọmọ àwọn baba ńlá ọkọ mi, òyìnbó náà sì di ojú, omi ń dà lójú rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe ti ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ǹ bá da ẹ̀kọ náà sílẹ̀ kí n padà sílé. Adìyẹ, ẹ gbà. Iṣu, ẹ gbà. Kámẹ́rà, mo ti sún fún yín. Oríkì ọmọ mi náà ńkọ́?

Mo rán ọmọ náà lọ gbé ṣúgà wá. Mo jókòó síbi tó ti dìde.

"Ẹ mu díẹ̀," mo wí.

Míìsì la ojú. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá mi yẹn náà. "Ìyá mi ti darúgbó," ó wí, ó ń wo ògiri. "Tí ibà bá mú mi nílé, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Nísinsìnyí kò mọ̀ pé ibà mú mi. Kò mọ ibi tí Ìbíní wà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ mu díẹ̀."

Ó mu díẹ̀. "Mo máa ń gbọ́ ẹ," ó wí. "Ní alẹ́. O ń pariwo. O ń sọ pé, lọ sùn, mi ò sọ fún ẹ? Ọkọ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ ń sáré. Nínú yàrá mi, kò sí ẹni tó ń pariwo lé mi." Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Mo jowú ẹ."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹni tí ibà ń ṣe. Mo tún fẹ́ gbọ́ ọ, mo wá bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, jowú.

"Olùkọ́ mi ni," ó wí. "Mo ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní òun ni Dádì máa ń sọ fún Mọ́mì, tí Mọ́mì bá ń sọ̀rọ̀ Míìsì."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi láàárín àwo àti ẹnu. Òyìnbó náà ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igun ẹnu rẹ̀ kan ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ti mọ̀ látọjọ́.

"Ẹ mu ẹ̀kọ yín," mo wí.

"Mo ń mu ún," ni ó wí.

Ìyá ọkọ mi dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú Àjíǹde, pẹ̀lú ìgò oyin, ẹ̀lùbọ́, àti àpótí igi kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n gbé àpótí òfìfo wá ṣe. Ọmọ mi wọ aṣọ ọdún, ó yọjú, ó ní, "Welcome, Mà."

"Kí ló wí?" wọ́n bi mí.

"Ó ń kí yín ni, Mà."

"Èmi kọ́ ló ń kí. Ọmọ mi, wá níbí. Kí ni orúkọ ìlú baba rẹ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Wọ́n bi í ní ti oúnjẹ, wọ́n bi í ní ti ilé ìwé, wọ́n fi oyin sí i lọ́wọ́. Ó lá oyin náà. Kò fọhùn. Bí ó ṣe rí títí di ọ̀sán ọjọ́ Àjíǹde nìyẹn. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n pè mí wẹ́rẹ́.

"Ìyàwó mi."

"Mà."

"Mi ò bá ọ jà. O ti gbìyànjú. Ìlú onílùú ni kò jẹ́. Lọ ká aṣọ rẹ̀."

Pásítọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá àwọn sójà sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n nìyẹn o. Mo wọ yàrá. Mo gbé kaba ọmọ náà kan, mo ká a, mo tú u, mo tún un ká. Mo rántí ojú ìyàwó Kánò. Mo jù ú sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo kan ilẹ̀kùn Míìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí, "ẹ wá kí ìyá ọkọ mi."

Kò béèrè ìdí. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ń gbọ̀n lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yára wọ bàtà. Ó bá mi wọlé, ó dúró níwájú Ìyá Àgbà gbọọrọ bí òpó, ó na ọwọ́.

"O káàbọ̀," ni Míìsì wí, bí ẹni tí kò sọ "Ẹ káàbọ̀, Mà" rí. "Ṣé o ti jẹun? Ṣé o ti fọ ọwọ́ ẹ?"

Ojú ìyá ọkọ mi là rekete. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan sọ, ọmọ mi fò dìde kúrò lórí àpótí.

"Rárá, Míìsì. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ẹ ni. Ẹ káàbọ̀, Mà. Kúnlẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ kan. Méjèèjì." Òyìnbó náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, eegun orúnkún rẹ̀ dún. Ọmọ mi wá kọjú sí ìyá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo ṣì ń kọ́ ọ."

Ìyá ọkọ mi wo àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.

"Ta ló kọ́ ìwọ?" wọ́n bi ọmọ náà.

"Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo gbọ́ ọ ni."

"Ṣé wàá bá mi lọ sí Ìkìrun?"

Ọmọ náà ronú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di férémù mú. Mo ń retí kó sọ pé, mi ò lè fi Mọ́mì sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Mi ò lè lọ, Màmá," ó wí. "Ta ni á máa kọ́ Míìsì? Kò tíì mọ nǹkan kan."

"Òótọ́ ni," ni ìyá ọkọ mi wí. "Kò mọ nǹkan kan." Wọ́n wé gèlè wọn padà, wọ́n fa Míìsì dìde, wọ́n mú un jókòó tì wọ́n, wọ́n bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé. Ọmọ mi ló ń túmọ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rojọ́, èmi ń gbé omi lọ, mo ń gbé omi bọ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń lọ, àpótí òfìfo ni wọ́n gbé padà. Ìgò oyin tí wọ́n mú wá, Míìsì ni wọ́n fún. Wọ́n ní ó rù.

Ọmọ mi dúró tì mí. N kò ní fi ìyẹn ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n kò dúró nítorí mi, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dání káàkiri ilé bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tún wà lórí àga gbọọrọ wọn. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé: ọmọ náà ń tọ́ka, òyìnbó ń ṣìnà, ọmọ náà ń tún un ṣe, ara rẹ̀ sì ń yá gágá. Mo wá rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò sí nǹkan kan rí tí mo bi í tí n kò ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo gbé àpótí ìjókòó mi jáde. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn.

"Mo fẹ́ kọ́ èdè Ìbíní," mo wí. Ọmọ mi ń sọ ọ́ bí ẹyẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, èmi tí mo ti ń gbé ìlú náà kí wọ́n tó bí i, kóyo tí wọ́n fi ń kí ènìyàn nìkan ni mo mọ̀.

Ó wò mí bóyá mo ń fi òun ṣẹ̀sín. "Kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

Ẹ gbọ́ o, Yorùbá ló sọ, "ẹ" ló sì fi bá mi sọ ọ́. N kò jẹ́ kí ojú mi yí padà. "Bí mo ṣe máa bi ẹlẹ́ran pé báwo ni."

"Vbẹ́ẹ̀ óye hẹ́," ó wí.

"Wẹ́ẹ̀ óye hẹ́."

"Rárá, Mọ́mì. Kì í ṣe wẹ́ẹ̀. Ẹ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fẹ́ afẹ́fẹ́ síta. Ẹ má tutọ́."

"Fẹ́ẹ̀ óye hẹ́."

"Ẹ tún ti ba á jẹ́." Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àga, ó fi ìka méjì mú ètè mi, ó ń tò ó síbi tó yẹ kó wà. Ìka rẹ̀ ń rùn fún ṣọ́ọ̀kì. Lórí àga, Míìsì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún bí ìgbà tí ọmọ Ìbíní bá sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́ tirẹ̀?" ni ọmọ mi wí. "Míìsì ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ̀yin là ń dúró dè."